Kí Ara Ọmọ Tó Gbóná: Ìtọ́jú àti Ààbò Ọmọdé ní Malete

Orí yìí wà fún ẹni tí ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Malete, ní ìpínlẹ̀ Kwara, àti ní àwọn abúlé àti gáà tó yí i ká: ìyá ọmọ, bàbá ọmọ, ìyá àgbà tí wọ́n ń fi ọmọ-ọmọ sílẹ̀ fún, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara (KWASU) tó bímọ sẹ́nu ẹ̀kọ́, àti ẹ̀gbọ́n tó ń wo àbúrò nígbà tí àwọn àgbà bá lọ sóko. Bí ẹ bá kà á tán, ó yẹ kí ẹ lè dá àìsàn tó lè pa ọmọ mọ̀ kó tó wọ̀ ọ́ lára, kí ẹ mọ èyí tí agbára yín ká nílé àti èyí tí kò ká, kí ẹ sì ti la ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé sílẹ̀ nígbà tí ara ọmọ ṣì le.

Ọ̀nà lílà yẹn la kà sí pàtàkì jù. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ ilé ní Malete, ṣùgbọ́n ọmọ tí àìsàn bá ti wọ̀ lára, Ìlọrin ni wọ́n máa ń darí rẹ̀ sí: Children Specialist Hospital ti ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ní Centre Igboro, tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí UITH, ní ojú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Ọ̀nà Ṣàó lẹ máa gbà. Lọ́sàn-án, kò burú. Lóru, tí kò sí ọkọ̀, tí bàálé wà lẹ́yìn odi, tí owó kò sí nílé, wákàtí tí ẹ fi ń wá gbogbo ìwọ̀nyí ni àìsàn fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lára ọmọ.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ wá àpótí kan tó ní ìdérí. Ẹ gbé e sí ibi gíga tí ọwọ́ ọmọ kò tó, kí gbogbo àgbà inú ilé sì mọ ibẹ̀. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀ nìyí:

- Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ kọ̀ọ̀kan, nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀.
- Tẹmómítà oní-bátìrì, èyí tí wọ́n ń fi sí abíyá ọmọ.
- Ọ̀rá ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ìgbẹ́ gbuuru, ó kéré tán 4, àti oògùn zinc. Wọn kò wọ́n, ilé ìwòsàn alábọ́dé sì máa ń ní wọn.
- Parasitamọ́ọ̀lù olómi ti ọmọdé, pẹ̀lú ìfe ìwọ̀n tàbí síríńjì tó bá a wá.
- Ike lítà 1, ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń po tíì, ọṣẹ.
- Aṣọ òwú funfun tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ ti lọ̀, tí ẹ sì ká sínú ọ̀rá.
- Tọ́ọ̀ṣì.
- Owó ọkọ̀ dé Ìlọrin, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá.
- Ìwé pélébé tí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí: ti nọ́ọ̀sì, ti ọlọ́kọ̀, ti ẹni tó máa tẹ̀ lé yín, àti 112 tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, torí fóònù lè kú lóru.

Yàtọ̀ sí àpótí, ẹ ní láti ní nẹ́ẹ̀tì olóògùn tí ẹ̀fọn kò lè wọ̀, ìdérí tó wúwo fún kànga, àti téèpù tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ, èyí tó ní àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa. Ẹ béèrè téèpù yìí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá fúnra rẹ̀ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5, tí apá rẹ̀ bá bọ́ sí pupa, ìyẹn ni pé kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ebi ti ń ba ara rẹ̀ jẹ́ gan-an, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ má fi àjẹkù oògùn sínú àpótí yìí. Kápúsù tó ṣẹ́kù nígbà tí bàbá ṣàìsàn, omi oògùn tí ẹ ti ṣí láti ọdún tó kọjá, ẹ kó wọn dànù.

Ètò tí ẹ máa ṣe nígbà tí ara ọmọ ṣì le

1. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣàìsàn. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan ń wà níbẹ̀ lóru, ọjọ́ wo ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ ọmọ, ṣé wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n ń kọ ìwé ọmọ sí tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn. Ẹ gba nọ́ńbà nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tó ti mọ̀ yín lójú yóò gbé fóònù yín lóru.

2. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ kan àti ọlọ́kadà kan tó ń gbé nítòsí sọ̀rọ̀. Ẹ fẹnu kò lórí owó tẹ́lẹ̀, kí àríyànjiyàn má ṣẹlẹ̀ ní aago méjì òru.

3. Ẹ gba ìyọ̀ǹda sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé lágbègbè wa, ìyàwó kì í gbé ọmọ dìde lọ sí ilé ìwòsàn bí bàálé kò bá tíì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ sọ ọ́ lójú ìyá yín àti àwọn ẹ̀gbọ́n yín, pé bí àmì ewu bá yọ lára ọmọ, kí ìyá rẹ̀ máa lọ, ẹ máa gbọ́ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì ti gba ẹ̀mí ọmọ là.

4. Ẹ wá ẹni mẹ́ta láàárín alájọgbé: ẹni tó máa bá yín lọ, ẹni tó máa wo àwọn ọmọ tó kù, ẹni tó máa wá onímọ́tò. Àwọn ìyá tó ń pàdé níbi abẹ́rẹ́ ọmọ lè ṣe èyí fún ara wọn. Wọ́n tún lè dá àjọ pàjáwìrì, owó kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọn kò ní fi ṣe ìnáwó kankan bí kò ṣe ọmọ tó ń ṣàìsàn.

5. Ẹ forúkọ ìdílé sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Kwara. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa: láti ọdún 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní Ṣọ̀ngá. Ẹ béèrè àwọn ilé ìwòsàn tí káàdì náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ 28 àkọ́kọ́

Ọmọ tuntun kì í pariwo àìsàn. Ó kàn máa dákẹ́, kò ní fa ọmú mọ́, ara rẹ̀ á tutù tàbí kó gbóná díẹ̀. Nítorí náà, fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, ìgbóná ara 37.5 nìkan ti tó láti gbé e lọ. Ẹ má fún un ní oògùn nílé kí ẹ wá máa wò ó.

Ọmú nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ fún oṣù 6. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí omi ògì, kódà ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Omi tó wà nínú ọmú tó o. Ìyá àgbà lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn, kí ẹ fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu lójú wọn. Àṣà rírọ ọmọ, tí wọ́n ń da ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, tí wọ́n ń da ògì tàbí àgbo sí i títí yóò fi gbé e mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ tó ń sunkún ń mí sínú. Ohun tí ẹ ń dà sí i lẹ́nu á gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ. Òtútù àyà ló máa fà, ó sì lè pa á lójú ẹsẹ̀.

Ìwọ́ ọmọ: jẹ́lì chlorhexidine ni kí ẹ fi pa á, tí wọ́n bá fún yín nílé ìwòsàn. Ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, iyọ̀, epo tàbí ìpara ìfọyín sí i. Ẹ tún gbọ́ èyí dáadáa: jẹ́lì náà kì í ṣe oògùn ojú. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà, títí kan tiwa, pé ẹnì kan fi kán ojú ọmọ, ojú náà sì bàjẹ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ oògùn ojú.

Káńfọ̀, ẹyọ funfun tí wọ́n ń kó sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má bà á jẹ́, kò gbọdọ̀ wà níbi tí aṣọ ọmọ wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọmọkùnrin, ni wọ́n bí pẹ̀lú àléébù kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àìtó G6PD. Bí òórùn káńfọ̀ bá kan irú wọn, ẹ̀jẹ̀ ara wọn á máa fọ́, ojú àti ara wọn á máa pọ́n bí àwọ̀ yẹ́lò. Bí ìpọ́n náà bá pọ̀ jù, ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ọmọ náà lè di adití tàbí aláìlèdìde títí ayé. Kó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ sá gbogbo aṣọ àti ìrọ̀rí tí ẹ yá tàbí tí ẹ yọ láti inú àpótí sí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì tún un fọ̀.

Láti yẹ ìpọ́n wò: ẹ gbé ọmọ jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Ẹ fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ká a kúrò, kí ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ó bá pọ́n láàárín wákàtí 24 tí ẹ bí i, tàbí tí ìpọ́n náà bá ti dé àtẹ́lẹsẹ̀, Ìlọrin lójú ẹsẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ kì í wo ìpọ́n tó bá le. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tan sí ọmọ ní ilé ìwòsàn, tàbí pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, ló ń wò ó.

Abẹ́rẹ́ àti káàdì

Ẹ gún ti ọjọ́ tí ẹ bí i, ti ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Láti oṣù 6, ẹ béèrè fítámì A. Abẹ́rẹ́ oṣù 9 ló ń dènà èéyi, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti yírùnyírùn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìyá ń gbàgbé torí ọmọ ti lára. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì lọ. Kò sí nọ́ọ̀sì tó yẹ kó lé yín, bí ó bá sì bá yín wí, ẹ fara dà á kí ẹ gba abẹ́rẹ́ náà. Fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9, abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ti wọ inú ètò ìjọba láti ọdún 2023.

Káàdì tí ẹ ń mú dání, tí wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sí, ìtàn rẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1956 dé ọdún 1961, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tó ń dé ilé ìwòsàn ti pẹ́ jù, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà tí wọ́n bí wọn. Ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù ló ń wò, ó sì ní kí ìyá máa tọ́jú káàdì náà sílé fúnra rẹ̀. Ìlà tí kò gòkè mọ́ ń sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó rù lójú. Nítorí náà, bí wọ́n bá wọn ọmọ yín, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìbéèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ṣé ìlà rẹ̀ gòkè?" Bí ó bá dúró lójú kan fún oṣù méjì, ẹ ní kí wọ́n wá ìdí rẹ̀.

Bí ara bá gbóná

Ẹ wọn ìgbóná náà. Ọwọ́ lórí iwájú orí kò tó. Ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn lára rẹ̀. Ẹ fún un ní ọmú tàbí omi, kí ẹ sì fún un ní parasitamọ́ọ̀lù bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe wí. Ẹ ṣọ́ra níbí: èyí tó wà nínú ìgò kékeré tí wọ́n ń fi kán sí ẹnu ọmọ le ju ti ìgò ńlá lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tó fi ṣíbí wọn èyí tó yẹ kó fi ìkán wọn ti fún ọmọ ní àpọ̀jù, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bà jẹ́. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi bírò fàlà sí ara síríńjì yín, ibi tí ti ọmọ yín dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ibà pọ̀ ní Malete nígbà òjò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Bí àyẹ̀wò bá ní ibà ni, oògùn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa fún yín. Ẹ lò ó tán bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì fún un pẹ̀lú oúnjẹ tàbí wàrà. Bí ó bá bì í láàárín wákàtí kan, ẹ tún un fún un. Ẹ má ra oògùn àpapọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré ní kẹ́míìsì, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Eyín híhù kì í fa ara gbígbóná tó le, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Èrò yẹn ti ná wa ní ọmọ. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí kẹ́míkà olóró diethylene glycol wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Kíndìnrín wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìtọ̀ kò wá mọ́. Ọmọ tí ẹ ti fún ní oògùn kan, tí kò tọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ gbé òun àti ìgò oògùn náà lọ sí ilé ìwòsàn pọ̀.

*Kíka mímí.* Èyí ni ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ìyá àti bàbá mọ̀ ọ́n ṣe, torí òtútù àyà ń pa ọmọ púpọ̀, mímí ló sì ń kọ́kọ́ fi í hàn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dákẹ́. Bí ó bá ń sunkún tàbí ó ń mu ọmú, ẹ dúró. Ẹ ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè títí dé àyà, kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ikùn rẹ̀. Ẹ gbé aago fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ikùn gòkè, ó sọ̀kalẹ̀: ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ kà á fún odidi ìṣẹ́jú 1. Ẹ má ka ìlàjì kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí mímí ọmọdé kì í lọ geere, á yára, á tún falẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti pọ̀ jù. Láti oṣù 2 dé oṣù 12, 50. Láti ọdún 1 dé ọdún 5, 40. Kí ẹ tó sọ ẹ̀wù náà kalẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ egungun ìhà rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ń rì wọlé nígbà tó ń mí sínú, ẹ má dúró ka ohunkóhun mọ́.

*Àmì ewu.* Ẹ gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án, bí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí: kò lè fa ọmú tàbí mu omi, gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ ló ń bì, gìrì mú un, ó ń sùn tí kò ṣeé jí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun ráúráú, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, ọrùn rẹ̀ le gan, àwùjẹ̀ rẹ̀ wú sókè, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan péré ti tó.

Ìgbẹ́ gbuuru

Kì í ṣe ìgbẹ́ náà ló ń pa ọmọ, omi tó ń bá a lọ ni. Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 dé 1992, wà lára àwọn tó jà kí ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà dá ẹ̀mí ọmọ dúró nílé. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.
2. Ẹ wọn omi mímọ́ lítà 1. Omi inú ọ̀rá méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára jẹ́ lítà 1. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà, torí àwọn kan kéré sí i.
3. Ẹ da odidi ọ̀rá ORS kan tí wọ́n kọ lítà 1 sí lára sí i, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Bí ORS kò bá sí, ẹ fi ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tí ẹ fi ọ̀bẹ nù pẹrẹsẹ, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré, sí omi lítà 1 náà. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí ó bá níyọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù.
4. Ẹ máa fi ṣíbí bu ú fún un díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 máa mu bíi ìdámẹ́rin sí ìlàjì ife ìmutíì. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ á mu ìlàjì sí odidi ife. Bí ó bá bì í, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó rọra jù ti àkọ́kọ́ lọ.
5. Ẹ fún un ní zinc lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14: mílígíráàmù 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 20 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dá a dúró torí pé ìgbẹ́ ti dá.
6. Ẹ má dá ọmú dúró, ẹ má sì fi ebi pa á. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ da ORS tó ṣẹ́kù nù, kí ẹ pò òmíràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: kí wọ́n pín ọ̀rá ORS sí méjì fún omi inú ọ̀rá kan kan, láìwọ̀n ọ́n; kí wọ́n fi ṣúgà kún un kí ó lè dùn; kí wọ́n fún ọmọ ní Flagyl àti kápúsù tẹtirasáíkílìnì láìrí dókítà. Bí ojú ọmọ bá ti jìn, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn, tí ẹ fa awọ ikùn rẹ̀ sókè tí kò tètè padà, ẹ máa bu ORS fún un lójú ọ̀nà bí ẹ ṣe ń lọ sí ilé ìwòsàn.

Gìrì

Bí gìrì bá mú ọmọ, gbogbo ilé á máa sáré, gbogbo ènìyàn á sì ní oògùn tirẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan, kí òun nìkan máa pàṣẹ.

Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí itọ́ lè máa ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀. Ẹ wo aago. Ẹ má fi ṣíbí, ìka tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọmọ kì í gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, eyín ni ṣíbí ń ṣẹ́. Bí gìrì náà bá dáwọ́, ẹ wo bó ṣe ń mí, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ ti lajú. Bí ó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 5, ẹ má dúró kó tó dáwọ́.

Àgbo ìtọ̀ màlúù ni ewu tó tóbi jù níbí. Wọ́n ń fi ewé tábà, áyù, èfìnrín àti ọ̀rọ̀mbọ́ sínú ìtọ̀ màlúù, wọ́n sì ń fún ọmọ mu. Ó ń fa ṣúgà ara ọmọ wálẹ̀, ó ń dá mímí rẹ̀ dúró, ó sì ti pa ọmọ tí gìrì ibà kì bá tí pa. Ọmọ tí kò lajú kò sì lè gbé nǹkan mì. Ohunkóhun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu, àyà rẹ̀ ló ń lọ. Fífi ẹsẹ̀ ọmọ kan iná, fífi àlùbọ́sà sí ojú, fífi kẹrosíìnì pa á lára, gbogbo wọn ń kún ìyà ọmọ. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí àwọn ìyá wa ṣe é. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí kò sí gìrì, ẹ má dúró de ọjọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún ọmọ mu kí ẹ tó dé, ẹ sọ fún dókítà láìfi pamọ́, torí ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀.

Ewu inú ọgbà

Iná àti omi gbígbóná: níbi tí wọ́n ti ń se wàrà, tí wọ́n ti ń yan gaàrí, tí wọ́n ti ń ro ògì, ẹ fa ìlà yí ààrò ká, kí ọmọ má kọjá rẹ̀. Bí ó bá jóná, ẹ da omi tútù lásán sí ibi tó jóná fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ bò ó. Ẹ má fi ẹyin, ìpara ìfọyín, ògì tàbí epo sí i. Ẹ má fọ́ ìléròrò. Bí ó bá kan ojú, ọwọ́ tàbí abẹ́, tàbí tí ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, ilé ìwòsàn.

Kẹrosíìnì àti oògùn oko: ẹ má tọ́jú wọn sínú ìgò mínírà. Ọmọ tó mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má mú kó bì. Bíbì ló ń gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ pẹ̀lú ìgò náà.

Ẹ̀pà àti ẹyọ bátìrì: kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 má jẹ ẹ̀pà odindi. Bí nǹkan bá há sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 lọ́fun, ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká ní ìgbà 5. Ẹ yí i padà, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 5. Fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn gbígbá ẹ̀yìn, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ọwọ́ sí òkè ìdodo, kí ẹ fà á wọlé sókè. Ẹ máa tún un ṣe títí yóò fi jáde. Bí ó bá dákú tí kò sì mí mọ́, ẹ kígbe pe ènìyàn, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìdojúsókè, kí ẹ sì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ lọ bí wọ́n ṣe ń wá ọkọ̀. Bátìrì pélébé tí ọmọ gbé mì kì í ṣe ohun tí a ń dúró dè nínú ìgbẹ́. Ó ń jó ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀.

Kànga àti korobá: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè kú sínú korobá omi fífọ aṣọ. Ẹ da omi náà nù lẹ́yìn ìfọṣọ.

Ejò: ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ fi igi gbè ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń di eegun tó ṣẹ́, kí ẹ sì gbé e. Ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fà á. Kí ẹ tó gbéra, ẹ pe ilé ìwòsàn láti mọ ibi tí oògùn ejò wà lọ́jọ́ náà. Kì í sí níbi gbogbo.

Ọ̀kadà: ẹ má gbé ọmọ sórí táńkì níwájú. Àárín àgbàlagbà méjì ni, tàbí kó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀já tó le.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ àmì ewu tí ẹ rí kí ẹ tó sọ orúkọ ọmọ: "Gìrì mú un lẹ́ẹ̀kan, kò fa ọmú láti ìrọ̀lẹ́." Gbólóhùn yẹn ló ń mú kí wọ́n gbé ọmọ kúrò lórí ìlà. Ẹ fi káàdì hàn, ẹ sọ gbogbo oògùn àti àgbo tó wọ ẹnu rẹ̀, àti aago tí ó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá dá dúró pẹ̀lú ọmọ, ẹ bá àwọn ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ìtòsí mọra. Wọ́n máa ń mọ aago tí dókítà ń wá, ibi tí a ti ń ra oúnjẹ, àti ẹni tó máa bá yín wo ọmọ kí ẹ lè wẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà wọn, pàápàá bí ọmọ yín àti tiwọn bá ní àìsàn kan náà tó máa pẹ́.

Kí wọ́n tó ní kí ẹ máa lọ, ẹ béèrè orúkọ àìsàn náà, orúkọ àti iye ọjọ́ oògùn kọ̀ọ̀kan, àmì tó máa mú yín padà, àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ rí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá nọ́ọ̀sì Malete ní ọjọ́ kejì, kó lè mọ ohun tí yóò máa wò. Bí ara bá ṣì gbóná lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ẹ ti ń lo oògùn, ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ẹ má ra tuntun kún un ní kẹ́míìsì. Bí àmì ewu bá yọ kó tó di ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ padà wá, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.